Ẹni Wá Ìwákúwàá Yóò Rí Ìríkúrìí

Mo mọ̀ pé ìwé ẹgbẹ́ kì í ṣe pápá ìjà, bẹ́ẹ̀ ni èmi fúnra mi kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn asọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jó ni láṣọ, a kì í dúró máa ṣe ìtìjú. Ìjà ni mo gbé wá lónìí. Eré kan ni mo bá jà, eré tí àwọn ọmọdé ìwòyí, àti àwa tí a kì í ṣe ọmọdé mọ́, ti sọ di àkúnlẹ̀bọ.

Nítorí ẹ̀yin àgbà tí ẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ bá fóònù ṣeré, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí eré náà ti rí. Ẹnì kan yóò jókòó síwájú fóònù rẹ̀, yóò ranjú kalẹ̀ bí ẹni tí ó rí iwin, yóò sì wí pé: “Ẹ má wá ọ̀rọ̀ báyìí lórí Google o! Mo tún un wí, ẹ má wá a!” Kò ní sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé bí a bá ní kí ọmọdé má ṣí ìkòkò, ìkòkò náà ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Àìmọye ènìyàn yóò sáré lọ wá ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọn yóò rí lè jẹ́ òkú ẹni tí ọkọ̀ tẹ̀ pa, ó lè jẹ́ àìsàn tí ó ń jẹ ẹran ara ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ìtàn ìpànìyàn kan tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí a tó bí wọn. Bí wọ́n bá ti rí i tán, wọn yóò ká ojú ara wọn sínú fídíò, bí wọ́n ti ń pariwo, bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ bojú, wọn yóò sì gbé e sórí TikTok kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i, kí àwọn náà sì lọ wá a. Báyìí ni eré náà ṣe ń ràn bí iná inú ọyẹ́.

Àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ kí Google tó dé. Wọ́n ní ẹni tí ó bá wá ìwákúwàá, yóò rí ìríkúrìí. Àwa ni a kò gbọ́.

Ní ìsinmi tí a lò kọjá, mo wà nílé wa ní Ìjàgbó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi ń bó ànàmọ́, èmi ń ka ìwé mi, àbúrò mi ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá sì fẹ̀yìn ti ògiri, ó mú fóònù ìyá wa lọ́wọ́. Lójijì ó ju fóònù náà sílẹ̀ bí ẹni tí àkeekèé ta. Mo bi í pé kí ló dé. Kò dáhùn. Mo mú fóònù náà, mo wò ó. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo rí, nítorí bí mo bá sọ ọ́ níhìn-ín, èmi náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń bá wí. Kí ẹ sáà mọ̀ pé ènìyàn ni, pé ó ti kú, àti pé kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ojú ọmọdé rí. Nígbà tí mo bi í ẹni tí ó ní kí ó wá a, ó ní: “Bọ̀ọ̀dá, gbogbo kíláàsì wa ló ti wá a. Èmi nìkan ni wọ́n ń pè ní ojo.”

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ yìí kò lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́. Ìyá mi rò pé ibà ni. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bá a níbi tí ó ti ń fi àwòrán náà han ọmọ aládùúgbò wa. Ẹ̀rín ni ó ń rín.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ kẹrin yẹn ni ó bà mí lẹ́rù ju ọjọ́ kìíní lọ. A máa ń wí pé ojú tí ó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, akíkanjú ni a sì máa ń fi òwe náà yìn. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ìhà kejì. Ojú tí ó ti rí òkú ogún lórí fóònù kì í rí ẹni tí ọgbẹ́ ṣe lójú títì kó ṣàánú. Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, ẹ ronú sí ohun tí à ń rí nígbà tí ọkọ̀ bá dànù ní òpópónà wa. Nígbà kan rí, ènìyàn á sáré mú omi wá, ẹlòmíràn á tú ìró rẹ̀ fi di ojú ọgbẹ́. Lónìí, ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ nà, fóònù ni ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlejò ní agbègbè wa. Ẹni tí ó bá mọ Ìjàgbó mọ̀ pé àwa àti Ọ̀fà sún mọ́ ara wa tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó bá bá Ọ̀fà kò lè ṣàì bá wa. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ja báǹkì márùn-ún lólè. Ènìyàn tí ó lé ní 30 ni wọ́n pa. Àwọn ọlọ́pàá wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kàn lọ gba owó ara wọn ní báǹkì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Kò pẹ́ rárá tí àwòrán òkú fi dé orí WhatsApp. Lẹ́yìn náà ni fídíò tí ẹ̀rọ inú báǹkì ká sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kiri. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹni tí kò bá tíì rí fídíò Ọ̀fà, ará oko ni wọ́n ń pè é. Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà wá a. Mo rí i, mo sì fi han àwọn ẹlòmíràn.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tí ó pàdánù ẹbí rẹ̀ ní ọjọ́ burúkú náà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan tí kò mọ nǹkan kan na fóònù sí i pé, “Màmá, ẹ wo nǹkan.” Ẹni tí ó nà gbalaja nínú àwòrán náà, ẹni tirẹ̀ ni. N kò ní gbàgbé igbe tí obìnrin náà ké títí tí n ó fi kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kò sí òkú tí kò ní ẹni tí ó ni ín. Ohun tí a sọ di ìran, ọ̀fọ̀ ilé ẹlòmíràn ni. Bí ènìyàn bá kú ikú òjijì nílẹ̀ Yorùbá, aṣọ ni a kọ́kọ́ ń wá láti fi bò ó, ọmọdé ni a sì kọ́kọ́ ń lé kúrò níbẹ̀. Àwa wá ṣí aṣọ náà, a sì pe àwọn ọmọdé jọ.

Ní oṣù kẹsán ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dájọ́ ikú fún ènìyàn márùn-ún lórí ọ̀ràn Ọ̀fà náà. Òfin ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò bi àwa tí a fi òkú ṣe àpéwò. Ẹ̀rí ọkàn nìkan ni ó lè bi wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé TikTok ni ó bí àrùn yìí. Ó ti ní bàbá, ó sì ti ní ẹ̀gbọ́n. Ní oṣù keje ọdún 2004, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣì jẹ́ nǹkan tuntun lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àhesọ kan gba ìlú pé àwọn nọ́ńbà kan wà tí ẹni tí ó bá gbé ìpè wọn yóò ṣubú lulẹ̀, yóò sì kú. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ní irọ́ ni. Kàkà kí irọ́ náà kú, ó sùn ni. Ó tún jí ní 2011, wọ́n ní nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 09141 ni ó ń pa ènìyàn, títí Àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fi jáde wá sọ pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí gba orí fóònù láàárín òru, pé kí olúkúlùkù dìde, kí ó fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ènìyàn jí ọmọ wọn lójú oorun. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ̀bólà fúnra rẹ̀ pa ènìyàn mẹ́jọ ní orílẹ̀-èdè wa kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ẹ fi èyí wé e, kí ẹ sì rí ohun tí ọ̀rọ̀ tí a kò wádìí lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Àhesọ ayé àtijọ́ wí fún wa pé, “Ẹ sá,” a sì sá. Ti ìsinsìnyí ń wí pé, “Ẹ wá wò ó,” a sì ń sáré lọ pàdé rẹ̀. Ti àtijọ́ ń dẹ́rù bà wá nítorí pé a fẹ́ wà láàyè. Ti ìsinsìnyí sọ ẹ̀rù fúnra rẹ̀ di adùn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 2018 títí wọ 2019, ariwo Momo gba ayé. Wọ́n ní obìnrin olójú ràgàjì kan ń yọ sí àwọn ọmọdé lórí fóònù, pé ó ń pàṣẹ fún wọn kí wọ́n pa ara wọn. Àwọn òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀ fún ara wọn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ ìwé sí ilé, àwọn oníròyìn gbé e. Kí ni Momo? Ère lásán ni, tí oníṣọ̀nà kan ní ilẹ̀ Japan ṣe ní 2016. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ọmọdé níbẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ó pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí wọ́n wí ni pé ìkìlọ̀ tí àwọn àgbà ń fi ránṣẹ́ kiri gan-an ni ó mú àwòrán náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń kọ “Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn” sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ṣé ẹ gbọ́?

Ní oṣù kẹta ọdún 2019 kan náà, wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kí olúkúlùkù kọ “Florida Man” sórí Google, kí ó fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ tì í, kí ó wá wo ìròyìn aláìlójú tí yóò jáde. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ Florida? Ṣé àwọn ará Florida ni ó ya wèrè jù ni? Rárá o. Òfin ìpínlẹ̀ náà ni ó ṣí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá sílẹ̀ gbayawu fún àwọn oníròyìn. Èrò òfin náà dára: kí ìjọba má lè fi nǹkan pamọ́ fún ará ìlú. Ohun tí a wá fi í ṣe ni pé a ń wá ọ̀mùtí, alárùn ọpọlọ àti òtòṣì ní ọjọ́ tí ó burú jù lọ nínú ayé wọn, kí a lè fi wọ́n ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ara wa.

Mo ti fi ẹ̀rín ṣe é títí dé ibí yìí. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dé Abẹ́òkúta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2022, ní àdúgbò Òkè Àrẹ̀gbà, wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi tí wọ́n ti ń sun orí ènìyàn nínú ìkòkò. Orí ọmọbìnrin kan ni, ọ̀rẹ́bìnrin ọ̀kan nínú wọn. Àwọn mẹ́rin ni ọlọ́pàá mú lórí ọ̀ràn náà, kò sì sí èyí tí ó ju ọmọ ogún ọdún lọ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ibi tí ó ti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó ní orí Facebook ni, pé ó wá bí a ti ń ṣe oògùn owó níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà, Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ké sí ìjọba pé kí ó kéde pàjáwìrì lórí ọ̀ràn ìpànìyàn ṣoògùn owó.

N kò ní ṣe bí òmùgọ̀ kí n sọ pé Facebook ni ó mú ọ̀bẹ. Ẹni tí ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ń di owó, ìkà ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó tẹ fóònù. Àwa tí a ń yin olówó tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpín nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn náà jáde, ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni mo ṣì wà. Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì wa ṣe? Wọ́n yọ fóònù, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin náà wí pé òun wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tí ó rí. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ pa ènìyàn nínú wọn. Eré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọkùnrin yẹn gbà wọ inú igbó, òun gan-an ni àwọn náà ń tọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí ogún ènìyàn bá tọ ọ̀nà kan ṣeré, ọ̀nà náà yóò là. Ẹni ìkọkànlélógún tí kì í ṣeré kò ní ní wàhálà láti rí i.

Ta ni ó ń jẹ èrè gbogbo èyí? Àwọn tí ó ni àwọn ibi ìpàdé wọ̀nyí, ìpolówó ni wọ́n ń tà. Bí ojú wa bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni owó ṣe ń wọlé tó. Ẹ̀rọ wọn kò mọ ẹkún yàtọ̀ sí ẹ̀rín. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ènìyàn dúró, pé ó wò, pé ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ní 2023 ni X bẹ̀rẹ̀ sí pín nínú owó ìpolówó fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bá fa ọ̀pọ̀ ojú mọ́ra, ní 2024 sì ni Facebook ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Nàìjíríà. Google ní ojú ewé kan tí ó ń jẹ́ Google Trends, tí ń fi ohun tí àwọn ènìyàn ń sáré wá han ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá gbọ́n ẹ̀wẹ́ yóò wò ó láàárọ̀, yóò ranjú sí fídíò lọ́sàn-án, yóò sì ka owó ní ìparí oṣù. Owó ta ni? Ẹ̀rù àbúrò mi ni. Dátà tí ó fi wá a, owó ìyá wa ni, láti inú èrè ànàmọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Àkọ́kọ́, wọn yóò ní, “Eré ni, má fi ṣe bàbàrà.” Mo gbà pé eré ni. Ṣùgbọ́n eré tí a fi òkú ẹlòmíràn ṣe, ẹ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá òkú náà. Bí ó bá ní kí ẹ máa ṣe é, èmi yóò jẹ́ kí kálámù mi sinmi.

Èkejì, wọn yóò ní, “Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ṣé o fẹ́ dí ọ̀nà ìmọ̀ ni?” Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà gbọ́dọ̀ wo egbò, amòfin gbọ́dọ̀ ka ẹjọ́ apànìyàn, akọ̀wé ìtàn gbọ́dọ̀ wo inú ogun. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ní ìbéèrè lẹ́nu kí wọ́n tó wá nǹkan. Wọ́n ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ní ohun tí wọn yóò fi ìdáhùn náà ṣe. Ẹni tí ń ṣe eré tí mò ń wí yìí kò béèrè nǹkan kan. Ìdáhùn ni ó lọ pàdé láìní ìbéèrè. A kò lè pe ìyẹn ní ìmọ̀. Bí ẹni jẹun láìjẹ́ pé ebi ń pa á ni, inú rírun ni ó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta, wọn yóò ní, “Àwọn baba wa náà fẹ́ràn ìtàn ẹlẹ́rù. Ṣé Fágúnwà kò kọ ọ́ ni?” Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ohun abàmì tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ kà á. Ọdẹ tí ó wọ inú igbó náà wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọn àti ìmúrasílẹ̀, ó sì bọ̀ wá ilé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe àwọn ènìyàn rẹ̀ láǹfààní. Bákan náà ni àlọ́ alẹ́. Ìjàpá lè jìyà, iwin lè gbé ọmọ lọ, ṣùgbọ́n àgbà kan jókòó ti àwọn ọmọ, gbogbo wọn jọ ń gbe orin, nígbà tí ìtàn bá sì parí, wọn yóò mọ ìdí tí a fi pa á. Ẹ̀rù tí ó ní ẹ̀kọ́ nínú ni. Ẹ̀rù orí fóònù ń bá ọmọdé nìkan, nínú òkùnkùn, láìsí ẹni tí yóò wí fún un pé ó ti parí. Kì í tilẹ̀ í parí, nítorí bí ọ̀kan bá ti tán, ẹ̀rọ á gbé òmíràn síwájú rẹ̀.

Mo kù ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa tí a ń kọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Mo dán nǹkan kan wò. Mo fi èdè Yorùbá wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wá “ètùtù”, mo wá “oògùn”. Ìròyìn ìpànìyàn ni mo rí, àti ìpolówó àwọn arúmọjẹ tí ń ta oògùn owó. Mo wá “Èṣù”, ọ̀tá Ọlọ́run inú Bíbélì ni wọ́n gbé wá bá mi, nítorí pé nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi pe ẹni ibi náà, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Mo wá Ọ̀fà, ìdigunjalè 2018 ni ó sáré yọ sí mi, kì í ṣe ìjàkadì tí a mọ̀ wọ́n mọ́, kì í ṣe ànàmọ́ wọn, kì í ṣe ojú irin. Nígbà tí mo wá Ìjàgbó, ohun tí mo rí kò kún ọwọ́.

Ta ni kí n bá wí? Ẹ̀rọ kò lè kà ju ohun tí ènìyàn kọ lọ. Àwa tí a gbọ́ èdè yìí ni a kò kọ. A ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ìdánwò wa, a ń fi Yorùbá ṣe àwàdà, a sì fi oko náà sílẹ̀ fún èpò. Bí ọmọdé bá wá wọ inú oko náà tí ó bá ejò pàdé, a ó ní ejò ni ó jẹ̀bi. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú ṣòkòtò wa. Ìtàn ìlú wa, orúkọ ewéko wa, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn àgbà tí ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wikipedia ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ nǹkan síbẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti kọ gbólóhùn kan?

Ẹni tí ó bá dá ènìyàn lẹ́bi gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o wá nǹkan, tàbí kí o má wá a, bi ara rẹ léèrè mẹ́ta: kí ni mo fẹ́ mọ̀? Kí ni n ó fi ṣe? Èrè ta ni? Bí o kò bá rí ìdáhùn, fi í sílẹ̀. Bí òkú ènìyàn bá dé orí fóònù rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ni kí ó dúró. Pa á rẹ́, má fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe na ọmọ tí ó ti rí ohun tí kò yẹ kí ó rí, nítorí bí ẹ bá nà án, òmíràn tí ó bá rí kò ní sọ fún yín. Ẹ jókòó tì í. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, kí olúkúlùkù wa kọ ohun kan ní èdè Yorùbá nípa ìlú rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, kí ó sì gbé e síbi tí ọmọdé lè rí i. Èmi yóò kọ ti Ìjàgbó. Ẹ bi mí léèrè rẹ̀ ní ìpàdé ìparí ọdún. Bí n kò bá tíì kọ ọ́, ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi parí sí. Ní ọjọ́ kẹrin tí mo bá a níbi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín, ìbínú mú mi, mo ti gbé ọwọ́ sókè. Mo rántí fídíò Ọ̀fà, mo rántí ẹni tí ó fi í han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sì bi í pé, “Ta ni ẹni tí ẹ ń wò yìí?” Ó wò mí. Ó ní, “N ò mọ̀, Bọ̀ọ̀dá.” Mo ní, “Ṣé ó ní ìyá?” Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó na fóònù sí mi, ó ní kí n bá òun pa á rẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Bí ó bá yé e, kò yẹ kí ó ṣòro fún àwa. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ó dàbọ̀ o.